Ìparí Ayò: Ta Ni Aṣẹ̀dá Rẹ̀?

Nínú ayé chess, irú ènìyàn kan wà tí òkìkí rẹ̀ kò ti ibi ìdíje wá rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó to ọmọ chess díẹ̀ sójú pátákó, mẹ́rin tàbí márùn-ún nígbà mìíràn, bí ẹni pé àwọn méjì ti ta eré náà títí ó fi kù díẹ̀ kó parí, kó wá sọ fún òǹkàwé pé: funfun ló kàn, funfun ni yóò borí, wá ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà. Bí ẹlòmíràn bá rí ọ̀nà kejì, àdììtú náà ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tí yóò tún un ṣe. Alexey Troitzky ará Rọ́ṣíà, tó ṣiṣẹ́ nínú igbó ìjọba, tó sì kú nígbà tí ogun sé ìlú Leningrad mọ́ ní 1942, fi iṣẹ́ yìí lo ọjọ́ ayé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Henri Rinck ará Faransé. Nígbà tí àjọ chess àgbáyé, FIDE, bẹ̀rẹ̀ sí í fi oyè tó ga jù lọ dá irú àwọn aṣẹ̀dá bẹ́ẹ̀ lọ́lá ní 1972, Genrikh Kasparyan ará Àméníà wà lára àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ tó gbà á.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìbéèrè náà wá sílé. Ní Abẹ́òkúta àti ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, eré tí àwọn àgbà fi ń dán ọpọlọ ara wọn wò ni ayò ọlọ́pọ́n. Òun náà ní ìparí tó jinlẹ̀, níbi tí ọmọ ti ṣọ́wọ́n lójú ọpọ́n, tí ọwọ́ kan ṣoṣo tí ènìyàn bá ṣì ta sì lè sọ ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta dáadáa, di òpè. A mọ orúkọ àwọn tó ta ayò dáadáa ládùúgbò wọn. A mọ̀ pé Olóyè Olusegun Obasanjo, ọmọ Òwu, fẹ́ràn ọpọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí a mọ̀ nítorí pé ó to ìparí ayò kan kalẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn láti tú, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dákẹ́. Kí ló fà á? Ṣé ayò kò gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àbí ó gbà á, àwa la ò ṣe é? Ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn tó ronú lórí irú ọ̀rọ̀ yìí máa ń gbà dáhùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ibi tó ti lágbára àti ibi tó ti ń mẹ́hẹ. Èrò tèmi, tí n óò máa tọ́ka sí bí a bá ṣe ń lọ, ni pé ohun tí iṣẹ́ aṣẹ̀dá gbà kò ṣaláìsí nínú ayò. Ojú ìwé tí yóò gbé e ni kò tíì sí.

Àwọn tó ní ìwé ló bí aṣẹ̀dá

Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé àṣà kíkọ sílẹ̀ ni aṣẹ̀dá àdììtú jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ojú pátákó chess kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà àti nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni tó wà ní Mọ́síkò lè fi ìlà kan péré ṣàlàyé fún ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bí nǹkan ṣe tò. Ìtàn tí wọ́n fi máa ń gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ lágbára gan-an. Ní 1895, G. E. Barbier tẹ ìparí kan jáde nínú ìwé ìròyìn kan ní Glasgow: ọba funfun àti ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ kan, sí ọba dúdú àti ilé ìṣọ́ kan. Barbier ní ọ̀mì ni yóò já sí. Fernando Saavedra, àlùfáà ọmọ Sípéènì tó ń gbé ní Glasgow nígbà náà, wá fi hàn pé funfun lè borí, bí ọmọ ogun náà bá dé òpin pátákó tí wọn kò sọ ọ́ di ayaba, tí wọ́n sọ ọ́ di ilé ìṣọ́. Ọwọ́ kan ṣoṣo yìí ni Saavedra fi wọ inú ìtàn chess. Kò ṣe ohun mìíràn tí ẹnikẹ́ni ń rántí nínú eré náà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìwé tó ń kọ́ni ní ìparí chess ló mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn tó ní ìwé ló bí aṣẹ̀dá á ní: ẹ ò rí i? Ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ jáde, òǹkàwé kan tún un ṣe, orúkọ dúró. Mú ìwé ìròyìn kúrò níbẹ̀, Saavedra kò sí.

Mo gba apá tó pọ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ bí a bá gbé e wá sí Abẹ́òkúta, ó ní ibi tó ti ń fì. Ìlú tí Henry Townsend, òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní 1859, ọdún 36 ṣáájú àdììtú Barbier, kò ṣeé pè ní ìlú tí kò mọ̀wé. Òun ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà lónìí, èdè Yorùbá sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́tà wà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà, òǹkàwé wà. Bákan náà, ìparí ayò rọrùn láti kọ sílẹ̀ ju ti chess lọ: ihò 12 ni, nítorí náà nọ́ńbà 12 ti tó, pẹ̀lú méjì sí i tí yóò sọ iye tí ẹni kọ̀ọ̀kan ti jẹ. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan lórí fóònù lè gbé e. Nígbà tí A. O. Odeleye tẹ ìwé rẹ̀ lórí ayò jáde ní Ìbàdàn ní 1977, kò sí ohun kan nínú eré náà tó kọ̀ láti wọ inú ìwé.

Ẹnì kan lè fèsì pé ìwé ìròyìn Townsend jẹ́ ti ìjọ àti ti ọ̀rọ̀ ìlú, pé ta ni yóò retí kí òjíṣẹ́ Ọlọ́run fi àyè sílẹ̀ fún ayò? Èsì náà tọ́, àmọ́ ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Tí ìdí rẹ̀ bá jẹ́ pé àwọn tó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò ka ayò sí nǹkan, a jẹ́ pé kì í ṣe àìsí ìwé ló fà á. Ìwé wà, ẹni tí yóò ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kò sí. Ìyàtọ̀ ńlá ni ìyẹn. Chess fúnra rẹ̀ fi í hàn: nígbà tí John Roycroft dá ìwé àtìgbàdégbà EG sílẹ̀ ní 1965 fún ìparí eré nìkan, kíkọ chess sílẹ̀ ti pẹ́ kọjá ọgọ́rùn-ún ọdún, síbẹ̀ ìwé tó ń jáde déédéé yẹn ló so àwọn aṣẹ̀dá orílẹ̀-èdè púpọ̀ pọ̀. Kíkọ nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kíkọ tí ẹnì kan yóò dá lóhùn.

Àwọn tó ní ọ̀ta fúnra rẹ̀ ni aṣẹ̀dá

Ìdáhùn kejì kọ ìbéèrè náà pátápátá. Ó ní a ń wá aṣẹ̀dá kiri nígbà tó jókòó sídìí ọpọ́n níwájú wa. Ọ̀ta tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í dúró de ìparí. Láti àárín eré ló ti ń kọ́ ọ. Ó ń kó ọmọ pamọ́ sínú ihò kan títí yóò fi di odù, ó ń ka iye ọwọ́ tí ọ̀tá rẹ̀ ṣì lè ta láìfi ihò rẹ̀ sílẹ̀ fún jíjẹ, ó sì ń mú kí ọwọ́ tirẹ̀ tó nǹkan nígbà tí ti ẹnìkejì bá tán. Nígbà tí odù bá tú, tí ó yí ọpọ́n po, tí ó sì kó ihò méjì-mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan náà, òǹwòran kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé nǹkan tó dára ló ṣẹlẹ̀. Ìyìn tí wọ́n ń yin ọ̀ta àti èébú tí wọ́n ń bu òpè níbẹ̀ jẹ́ ìdájọ́ lórí ẹwà, kì í ṣe lórí ayò jíjẹ nìkan.

Agbára ìdáhùn yìí ni pé ó bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ tó wà nínú orí. Alex de Voogt, tó ṣe ìwádìí lórí àwọn ọ̀ta eré bao ní Sansibá, tó sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1995, fi hàn pé ohun tí irú àwọn ọ̀ta bẹ́ẹ̀ ń gbé nínú ìrántí jinlẹ̀ ju ohun tí àjèjì lè rò lọ. Bao le ju ayò lọ ní títa, ìlànà rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹbí kan náà ni wọ́n. Ẹni tó bá sọ pé a ò ní ẹ̀kọ́ ìparí eré ní Áfíríkà nítorí pé a kò kọ ọ́ ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn ni pé títa àti títò kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Ọ̀ta fẹ́ borí. Bí ọ̀nà tó rẹwà àti ọ̀nà tó rọrùn bá dé iwájú rẹ̀, èyí tó rọrùn ni yóò gbà, kò sì sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi. Àṣìṣe ẹnìkejì náà tún ń dá sí i. Ìparí tó bá jáde lójú ọpọ́n jẹ́ iṣẹ́ ènìyàn méjì tí ọ̀kan nínú wọn kò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Aṣẹ̀dá àdììtú ní tirẹ̀ ni ó ni ọwọ́ méjèèjì. Ó gbọ́dọ̀ wá ìgbèjà tó dára jù fún ẹni tí yóò pàdánù, nítorí pé bí ìgbèjà bá rọ, àdììtú kò ní iyì. Àbájáde ìyàtọ̀ yìí hàn nínú ohun tí a ń rántí. Ní ìdí ọpọ́n, ẹni tó na ẹni ni a ń rántí, pẹ̀lú iye ìgbà tó nà án. Bí ọmọ ṣe tò nígbà tí ọwọ́ ìkẹyìn kù kì í pẹ́ kó tó pòórá.

Àwọn kan máa ń dá sí ọ̀rọ̀ níbí pé àìfi orúkọ sí iṣẹ́ ọnà ni àṣà wa, pé ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ìlú kì í ní olóhun kan. Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ já a. Agboolé Adugbologe ní Ìtokò, àwọn agbẹ́gilére tí iṣẹ́ wọn ti dé ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí lókè òkun, ní orúkọ tí àwọn tó mọ ère mọ̀, tí wọ́n sì fi ń dá iṣẹ́ ọwọ́ wọn yàtọ̀. Ní ìlú kan náà, a mọ orúkọ àwòrán adìrẹ kọ̀ọ̀kan ní ọjà Ìtokú, a kì í sì í mọ orúkọ obìnrin tó kọ́kọ́ yà á. Àṣà méjèèjì ló wà nínú odi kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ fi àṣà ṣàlàyé ìdí tí ìparí ayò kò fi ní olóhun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ìdí tó fi tọ ọ̀nà adìrẹ tí kò tọ ọ̀nà ère.

Àwọn tó ní ìṣirò ló ni ín

Ìdáhùn kẹta ni mo rí ohun púpọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà n óò pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ní: kò sí ẹni tó ń ṣẹ̀dá ìparí eré, ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti fi ìlànà eré náà lélẹ̀, ẹni tó bá rí i kàn rí i ni. Ní 1995, Duane Broline àti Daniel Loeb tẹ iṣẹ́ kan jáde tó dá lórí ayò wa yìí gan-an. Wọ́n fi hàn pé irú ìparí ayò kan wà tó jẹ́ ọ̀kan náà, lójú ìṣirò, pẹ̀lú eré àdáta kan tí wọ́n ń pè ní Tchoukaillon. Wọ́n tún fi hàn pé bí a bá fi ọpọ́n tó gùn ju tiwa lọ ta á, iye ọmọ tí irú ìparí bẹ́ẹ̀ ń gbà máa ń súnmọ́ iye ihò náà ní ìlọ́po ara rẹ̀, tí a bá fi π pín in, nọ́ńbà kan náà tí a fi ń wọn àyíká òbìrí. Ìyàlẹ́nu gidi ni, pé òbìrí farapamọ́ sínú eré tí ihò rẹ̀ tò ní ìlà gbọọrọ.

Irú ìparí wo ni? Ẹ jẹ́ ká tò ó. Ka ihò tìrẹ láti òsì lọ sí ọ̀tún, kí ìkẹfà jẹ́ èyí tó wà létí ààlà, tí ọmọ ti ń kọjá sọ́dọ̀ ọ̀tá. Fi ọmọ 7 sí ihò kìíní, 5 sí ìkejì, 3 sí ìkẹta, 1 sí ìkẹrin, 2 sí ìkarùn-ún, 2 sí ìkẹfà. Ọ̀tá ní ọmọ kan péré, nínú ihò kejì tirẹ̀ lẹ́yìn ààlà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 21. Ìwọ ló kàn. Bí o bá ta ìkẹfà, ọmọ kan á bọ́ sí ihò kìíní ọ̀tá, èkejì á bọ́ sórí ọmọ tó wà ní ihò kejì, wọ́n á di méjì, ìwọ á jẹ wọ́n. Èyí tó wà ní ihò kìíní kò ṣeé jẹ nítorí pé ẹyọ kan ni. Ọ̀tá kò ní ohun mìíràn láti ta ju ẹyọ yẹn lọ, yóò sì gbé e sí ihò kejì gẹ́lẹ́, níbi tí èyí tí o jẹ ti jókòó. A tún padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀, àfi pé ọmọ méjì ti wọ àpò rẹ. Bí o bá ń ta ihò rẹ tẹ̀lé ara wọn báyìí: ìkẹfà, ìkíní, ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìkejì, ìkẹta, ìkẹfà, ìkẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìgbà mẹ́wàá ni ìwọ yóò jẹ méjì-méjì. Gbogbo ọmọ 20 tó wà lápá tìrẹ á tán, ẹyọ kan ṣoṣo á sì kù fún ọ̀tá. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kò ní ìgbà kan tó ní yíyàn.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò á ní: ṣé ẹ rí i báyìí? Lórí ọpọ́n oníhò mẹ́fà-mẹ́fà, 21 ni irú ìparí yìí lè ga dé mọ, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọmọ 21 sì lè gbà tò kó tó ṣeé ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, láti ìgbà tí ọmọ ti tán, kí ẹ máa dá ọwọ́ kọ̀ọ̀kan padà. Ìlànà náà ni yóò máa sọ ihò tí ọmọ yóò padà sí, ẹ kò ní mú ọ̀kan. Níbo ni aṣẹ̀dá wá wà? Àríyànjiyàn yìí le, n kò sì gbọ́ ẹni tó já a tán. Ẹni tó bá jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀ fún kò lè sọ pé òun yan ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìṣirò kò sọ. Kò sọ iye tí ẹni kọ̀ọ̀kan ti jẹ kí ọmọ 21 tó kù. Nínú ọmọ 48, 27 ti kúrò lójú ọpọ́n. Ká ní mo kọ ọ́ báyìí: ọ̀tá ti jẹ 22, ìwọ ti jẹ 5 péré, ìwọ ló kàn, borí. Òǹwòran tó bá wo 22 sí 5 yóò ní eré ti parí. Síbẹ̀ 5 àti 20 jẹ́ 25, ọ̀tá yóò sì dúró sórí 23. Bí o bá fi 4 rọ́pò 5, ọ̀mì ni, 24 sí 24. Bí o bá sọ ọ́ di 8, o lè pàdánù jíjẹ kan láàárín kí o sì tún borí, gbogbo agbára àdììtú náà á sì tú. Márùn-ún ni ojú abẹ. Yíyàn yẹn, ènìyàn ló ṣe é. Ohun kejì ni ẹ̀tàn tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ihò méjì ló lè jẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ìkẹfà, tó ní 2, àti ìkíní, tó ní 7, tí ọmọ ìkẹyìn rẹ̀ náà yóò bọ́ sí ihò kejì ọ̀tá gẹ́lẹ́. Ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn títa gbígbòòrò á kọ́kọ́ lọ sí ìkíní. Bó bá ta á, ìkẹfà á di 3, ọmọ kẹta yóò sì máa kọjá lọ sí ihò kẹta ọ̀tá nígbàkígbà tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Okùn náà yóò já níbì kan, èyí tó já nínú rẹ̀ sì ni èyí tí wọn kò lè rí rà padà. Ìdí tí ẹ̀tàn yìí fi dùn ni pé kò sí ìlànà kankan tó sọ pé kí ó wà. Aṣẹ̀dá ló máa rí i, tó sì máa sọ pé: èyí ni n óò fi han ayé, kì í ṣe ti ọmọ 12 tàbí ti 18.

Nítorí náà, ojú tí mo fi wo ọ̀rọ̀ náà ni pé Broline àti Loeb ṣe ohun tó tóbi ju àdììtú kan lọ, wọ́n ṣí gbogbo ìdílé rẹ̀. Àmọ́ ìdílé kì í ṣe àdììtú. Réti, aṣẹ̀dá chess tó tẹ àdììtú ọba méjì àti ọmọ ogun méjì rẹ̀ jáde ní 1921, lo nǹkan mẹ́rin péré lójú pátákó. Ẹnikẹ́ni ló lè tò ó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Òun ló dúró tì í.

Àwọn tó ní kọ̀ǹpútà ti parí ọ̀rọ̀

Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Vrije Universiteit, Amsterdam, ka gbogbo ipò tó lè ṣẹlẹ̀ nínú awari, tí í ṣe ayò lábẹ́ orúkọ mìíràn, wọ́n sì tú wọn: 889,063,398,406 ni. Àbájáde rẹ̀ ni pé bí àwọn méjèèjì kò bá ṣàṣìṣe, ọ̀mì ni. Chess kò tíì tú pátápátá, ṣùgbọ́n láti 2012 ni kọ̀ǹpútà Lomonosov ní Yunifásítì Mọ́síkò ti ní ìdáhùn gbogbo ìparí tí nǹkan méje péré bá kù lójú pátákó rẹ̀. Àwọn tó di ìdáhùn kẹrin mú béèrè pé kí ni aṣẹ̀dá tún kù tí yóò ṣe.

Ọ̀rọ̀ wọn ní ẹ̀rí. Kọ̀ǹpútà ti fọ́ àdììtú púpọ̀ tí àwọn àgbà aṣẹ̀dá gbà pé ó pé. Nínú àkójọ Harold van der Heijden, tó ní àdììtú tó ju 90,000 lọ, àìmọye ni a ti fi ẹ̀rọ rí àléébù rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀rọ kan náà ló dá Troitzky láre. Ìwádìí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lórí ẹṣin méjì sí ọmọ ogun kan, láìní ohunkóhun ju pátákó àti sùúrù lọ, bá ohun tí kọ̀ǹpútà rí mu lọ́nà tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Nítòsí wa, ní Covenant University, Ọ̀tà, àwọn olùwádìí bí Ezekiel Adebiyi àti Ibidapo Akinyemi ti ṣiṣẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa yan ọwọ́ tó dára nínú ayò. Iṣẹ́ wọn wúlò, ṣùgbọ́n títa ni wọ́n ń kọ́ ẹ̀rọ náà. Títò kò sí níbẹ̀.

Àìlera ìdáhùn yìí ni pé mímọ ìdáhùn ìbéèrè gbogbo kò sọ ìbéèrè tó yẹ ká béèrè. Nínú bílíọ̀nù 889 ipò yẹn, èyí tó pọ̀ jù lọ kò ní ohun tí ẹnikẹ́ni yóò fẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Kọ̀ǹpútà lè sọ èyí tó ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Kò lè sọ èyí tí ọ̀nà rẹ̀ yóò mú àgbàlagbà kan rẹ́rìn-ín, kó sì pe ẹnìkejì rẹ̀ wá wò ó. Àwọn oníchess pàápàá kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó bá wá ìparí kan jáde nínú àkójọ ẹ̀rọ tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Àwọn kan ní kò yàtọ̀ sí ẹni tó ṣa òkúta odò. Àwọn mìíràn ní ṣíṣà gan-an ni iṣẹ́. Mo fara mọ́ àwọn kejì, pẹ̀lú àfikún kan: kí ẹni náà lè sọ ìdí tó fi ṣà á.

Ohun tí kò tíì yanjú

Àtakò tó wúwo jù lọ sí ohun tí mo ń sọ ni ti ìlànà. Ìlànà chess kan náà ni gbogbo ayé ń lò. Ti ayò kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ kan bá kó gbogbo ọmọ ọ̀tá tán lẹ́ẹ̀kan náà, ibì kan gbà á láyè, ibì kan ní kò ṣeé jẹ. Bí ọ̀tá kò bá ní ọmọ mọ́, èrò pín lórí ẹni tí yóò kó ohun tó ṣẹ́ kù. Awari tí wọ́n tú ní Amsterdam gbé ìpinnu tirẹ̀ kalẹ̀ lórí irú àwọn nǹkan wọ̀nyí, kò sì di dandan kó bá ti ọpọ́n tó wà lábẹ́ igi ní Kútọ̀ tàbí Ìbarà mu. Báwo wá ni àdììtú ṣe máa ní ọ̀nà kan ṣoṣo, nígbà tí àdúgbò kejì lè fi ìlànà tirẹ̀ tú u?

Ìdáhùn kan wà, kò sì tó. Ìparí ọmọ 21 tí a tò lókè yìí kò fara gbá nínú àríyànjiyàn wọ̀nyẹn: kò sí ìgbà kan tí jíjẹ kó ọ̀tá tán, kò sí ihò tó di odù tí yóò yí ọpọ́n po, ẹni yòówù tí wọ́n bá sì fún ní ẹyọ ìkẹyìn, 25 ṣì ju 23 lọ. Nítorí náà aṣẹ̀dá ayò lè yan ipò tí gbogbo ìlànà gbà. Àmọ́ ó máa ná an ní nǹkan. Bí ó bá ní kí òun sá fún ibi tí ìlànà ti yapa, ó ti sá fún odù, tó lè kó ọmọ ọ̀tá tán lẹ́ẹ̀kan náà, nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ayò ti dùn jù. Àjọ̀dún eré ìdárayá orílẹ̀-èdè, tí Abẹ́òkúta gbà lálejò ní 2006 àti ní 2025, máa ń fi ayò àti chess sí abẹ́ òrùlé kan, ìdíje kò sì lè ṣe láìní ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀. Bóyá ìlànà ìdíje ló yẹ kí aṣẹ̀dá tẹ̀ lé, tàbí ti àdúgbò rẹ̀, ni kò tíì yé ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè tó le jù sì tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Nínú chess, borí ni tàbí ọ̀mì. Ẹni tó borí ti borí. Ayò ní iye. Bí ihò méjì bá lè borí, tí ọ̀kan mú 25 wá tí èkejì sì mú 29, ṣé ọ̀nà méjì ni àdììtú náà ní, tó fi bàjẹ́, àbí ọ̀kan ṣoṣo, nítorí pé 29 ló dára jù? Ẹni tó bá ní 25 ti tó ń fi ojú oníchess wo ayò. Ẹni tó bá ní 29 nìkan ni ìdáhùn gbọ́dọ̀ gbà pé ìparí ọmọ 21 náà kò nílò 22 sí 5 tí mo fi sí i, pé iye tí wọ́n ti jẹ kò kan àdììtú rárá, àti pé ohun tí mo pè ní yíyàn aṣẹ̀dá kì í ṣe yíyàn. N kò tíì rí ọ̀nà tí a fi lè di ìdáhùn méjèèjì mú pọ̀.